Iṣẹ́ tó fẹ́ pààyàn: bí ẹ ṣe lè dá a dúró kó tó di ọ̀fọ̀

Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, ògiri ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza, nítòsí Dhaka ní Bangladesh, lanu. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló rí i, ẹnjiníà wá wò ó, ó ní ilé yìí ò ṣeé wọ̀ mọ́, wọ́n kó gbogbo èèyàn jáde. Nígbà tílẹ̀ mọ́, báńkì tó wà nísàlẹ̀ ní káwọn òṣìṣẹ́ òun jókòó sílé, àwọn ṣọ́ọ̀bù ò ṣí, àmọ́ àwọn tó ń ránṣọ lókè, àwọn ọ̀gá wọn ní kí wọ́n wọlé, pé ẹni tí ò bá wọlé kó gbàgbé owó oṣù ẹ̀. Wọ́n wọlé. Kó tó di aago mẹ́sàn-án iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà lókè, ilé wó. Èèyàn 1,134 ló kú.

Ẹ wò ó dáadáa. Ògiri kan náà ni òṣìṣẹ́ báńkì àti aránṣọ rí, ojú kan náà ni wọ́n fi rí i. Aránṣọ mọ̀ pé ewu wà, àwọn kan tiẹ̀ dúró síta tí wọ́n ń jiyàn kí wọ́n tó gòkè. Ohun tí wọn ò ní ni agbára láti sọ pé "a ò wọlé" kí ebi má sì pa wọ́n lẹ́yìn ẹ̀, torí kò sí yúníọ̀nù kankan ní gbogbo fáktọ́rì márààrún tó wà nínú ilé yẹn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní máa sọ fún yín pé ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dé akoto, wọ́n ti sọ ìyẹn fún yín tó. Bí ẹ ṣe máa sọ ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ di agbára ni mo fẹ́ kọ síbí, bóyá fáktọ́rì lẹ ti ń ṣiṣẹ́ o, bóyá ibi tí wọ́n ń wa kùsà, ibi ìkẹ́rùsí tàbí orí omi.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun tó yẹ kó gbà yín wò

Tí wọ́n bá ní ká wá ewu, iná, kẹ́míkà, ẹ̀rọ tó ń yí la máa ń wò. Ó dáa, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ni àwọn nǹkan tó yẹ kó gbà yín lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú. Ọ̀rọ̀ Bhopal ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Fáktọ́rì Union Carbide tó wà níbẹ̀ ní India ń ṣe oògùn apakòkòrò, wọ́n sì ní táǹkì kẹ́míkà olóró kan tí wọ́n ń pè ní MIC nínú ọgbà. Oògùn yẹn ò tà mọ́, ni àwọn ọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìnáwó. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa mú táǹkì yẹn tutù, wọ́n ti pa á láti oṣù kẹfà ọdún 1984. Ẹ̀rọ tó yẹ kó fọ gáàsì tó bá jáde, wọn ò tàn án sílẹ̀. Ọ̀pá gíga tó yẹ kó jó gáàsì náà dànù, wọ́n ti yọ páìpù ẹ̀ kan fún àtúnṣe, wọn ò tíì dá a padà. Òṣìṣẹ́ méjìlá tó yẹ kó wà nídìí iṣẹ́ náà, wọ́n ti dín wọn kù sí mẹ́fà. Lóru ọjọ́ 2 mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù kejìlá, omi wọnú táǹkì, ó hó, nǹkan bíi 40 tọ́ọ̀nù ló tú jáde lu àwọn èèyàn tó ń sùn ládùúgbò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú, àwọn tó yè é ṣì ń fi ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jìyà ẹ̀ títí dòní.

Kò sí èyí tó jẹ́ àṣírí fún àwọn tó ń wọ iṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́ nínú gbogbo ohun tí mo kà yẹn. Ṣé ẹ rí i, ohun ààbò kan ṣoṣo tó bàjẹ́ lè má pààyàn lọ́jọ́ tó bàjẹ́, ara á sì wá mọ́ wa, a ó máa sọ pé ṣebí ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀, títí dìgbà tí ìkejì àti ìkẹta á fi bàjẹ́ tì í. Torí náà ẹ mú bébà, ẹ rìn yí ibi iṣẹ́ yín ká, ẹ kọ gbogbo ohun ààbò tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, aago ìkìlọ̀, fáàfù, fáànù tó ń lé èéfín, ìbòrí ẹ̀rọ, àtẹ̀gùn pàjáwìrì, ohun ìpaná, iye èèyàn tó yẹ kó wà nídìí iṣẹ́. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè méjì: ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lónìí? ìgbà wo ni wọ́n dán an wò kẹ́yìn? Tí ẹ bá ti ń kọ "rárá" tàbí "a ò mọ̀" léraléra, ibi tẹ́ ẹ wà nìyẹn o.

Ẹ wo ilẹ̀kùn náà. Ní fáktọ́rì aṣọ Triangle ní New York, lọ́jọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, wọ́n ti ilẹ̀kùn kan pa kí àwọn òṣìṣẹ́ má bàa jí aṣọ, iná wá ràn, èèyàn 146 ló kú, ọmọbìnrin tí ò tíì pé ogún ọdún sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ tún wo ibi tẹ́ ẹ ti ń jẹun, torí ní Brumadinho ní Brazil ọdún 2019, abẹ́ ìdídò pàǹtí kùsà gan-an ni ilé ìjẹun ilé iṣẹ́ Vale wà, ìdídò yẹn já lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó gbé èèyàn 270 lọ.

Ibòmíì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ lójú méjèèjì ni ìgbà tí àwọn tó ń lọ bá ń fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́. Lórí Piper Alpha, ibi tí wọ́n ti ń wa epo nínú òkun ní Scotland, lọ́jọ́ 6 oṣù keje ọdún 1988, àwọn tó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án yọ fáàfù ààbò ara pọ́ǹpù kan fún àtúnṣe, wọn ò parí ẹ̀, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bo ojú ẹ̀. Ìwé tó sọ pé fáàfù ò sí níbẹ̀ wà, ìwé míì tún wà fún pọ́ǹpù náà fúnra ẹ̀, ìwé fáàfù ò sì dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Pọ́ǹpù kejì kú, wọ́n ní kí wọ́n tan ti àkọ́kọ́, gáàsì bẹ́ síta, ó gbiná. Èèyàn 167 ló kú torí bébà kan tí ò dé ibi tó yẹ kó dé. Tó bá jẹ́ pé ẹnu lásán lẹ fi ń sọ fún ara yín níbi iṣẹ́ pé "kò sí wàhálà, gbogbo ẹ̀ ń lọ", ẹ yí i padà ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ dúró síwájú ẹ̀rọ náà, kí wọ́n jọ ka ohun tí wọ́n ṣí sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n tú palẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Àmì tó tún wá ń dẹ́rù bà mí ju ti ẹ̀rọ lọ ni ti owó. Tí ọjà ilé iṣẹ́ yín bá já wálẹ̀, tí wọ́n bá ń dá òṣìṣẹ́ dúró nígbà tí iye tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe lójúmọ́ ń lọ sókè, tí àtúnṣe tó yẹ kó wáyé bá ń di oṣù tó ń bọ̀, oṣù tó ń bọ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà Bhopal ni wọ́n ń gbà yẹn.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, síbi tí ọ̀gá ò ti lè pa á rẹ́

Ìwé ilé iṣẹ́ ò tó o. Ní ibi ìwakùsà Upper Big Branch ní West Virginia, Amẹ́ríkà, níbi tí èèyàn 29 ti kú lọ́jọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2010, ìwé méjì ni ilé iṣẹ́ ń kọ: ọ̀kan wà fún àwọn ọ̀gá, ewu tí wọ́n rí wà nínú ẹ̀, èkejì wà fún àwọn alábẹ̀wò ìjọba, ewu yẹn ò sì sí nínú ẹ̀. Tí alábẹ̀wò bá sì ti dé ẹnu géètì, wọ́n á ti ránṣẹ́ sísàlẹ̀ kí wọ́n tún nǹkan ṣe kó tó débẹ̀.

Ẹ ní ìwé tiyín. Ẹ má fi àròyé àti èébú kún un, ohun tẹ́ ẹ rí, ibi tẹ́ ẹ ti rí i, ìgbà tẹ́ ẹ rí i, ẹni tẹ́ ẹ sọ fún àti ohun tó fèsì ni kẹ́ ẹ kọ. Ó lè rí báyìí:

"Ọjọ́ 14 oṣù kẹta, aago méjì ọ̀sán, ẹ̀rọ kejì. Ìbòrí tó yẹ kó bo abẹ ẹ̀ ò sí lára ẹ̀ mọ́. Mo sọ fún súpáfáísọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ká ṣì máa lò ó, pé àwọn alátùn-únṣe ń bọ̀ lọ́la. Èmi àti àwọn méjì la wà níbẹ̀. Ọjọ́ 15: ẹnì kankan ò wá."

Ìlà kékeré tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, "ẹnì kankan ò wá", torí òun ló máa fi hàn níwájú adájọ́ tàbí alábẹ̀wò pé wọ́n mọ̀, wọ́n sì dákẹ́. Ẹ ya fọ́tò tí òfin ibẹ̀ bá gbà á, àmọ́ ẹ má fi pamọ́ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, ẹ má sì lo íméèlì wọn. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹlòmíì tí kì í bá yín ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má lọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan

Ẹnì kan tó bá dá lọ bá ọ̀gá, oníjàgídíjàgan ni wọ́n máa pè é. Lóṣù kìíní ọdún 1959, òtútù mú gan-an ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó ń mú fáktọ́rì Washington Aluminum gbóná bàjẹ́, òṣìṣẹ́ méje jọ dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé. Wọ́n lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn méje yìí ò ní yúníọ̀nù o, àmọ́ wọ́n jọ dìde ni, nígbà tó sì di ọdún 1962 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní wọ́n jàre, torí òfin tó wà níbẹ̀ ń dáàbò bo àwọn tó bá jọ ṣe nǹkan pọ̀ nítorí ipò iṣẹ́ wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn méje yẹn fi hàn pé òfin pàápàá mọ̀ ọ́n.

Báwo lẹ ṣe máa kó ara yín jọ? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpàdé ńlá tàbí grúùpù WhatsApp, ìròyìn grúùpù máa ń dé etí máníjà kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ ní méjì méjì, níta ibi iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì béèrè dípò kẹ́ ẹ máa wàásù. Ìbéèrè kan tó máa ń tú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu èèyàn ni, "kí ló máa ń bà ọ́ lẹ́rù jù níbí?" Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá lọ ni ẹni tí àwọn yòókù máa ń sá tọ̀ tí wàhálà bá dé, ìyẹn lè má jẹ́ ẹni tó ń pariwo jù, ó lè jẹ́ ìyá kan tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ sídìí iṣẹ́ ẹ̀, tó jẹ́ pé tó bá fọwọ́ sí nǹkan ogún èèyàn á fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì sílẹ̀. Mo mọ̀ pé níbi púpọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ gidi kì í kà wọ́n mọ́ra, ó sì máa ń dùn mí, torí àwọn ni wọ́n máa ń tì síwájú. Nígbà tí ilé ìfọpo BP ní Texas City bú gbàmù lọ́jọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2005, èèyàn 15 ló kú, gbogbo wọn ló sì jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, inú àwọn ilé alágbèérìn tí wọ́n gbé sún mọ́ ibi ewu jù ni wọ́n wà.

Tí ẹ bá ti pọ̀ tó, ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ fọwọ́ sí i yíká bí òbìrí kí ẹnì kankan má bàa wà lókè, kẹ́ ẹ jọ gbé e lọ. Kó má gùn. "Àwa tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ yìí ń fi tó yín létí pé ilẹ̀kùn pàjáwìrì tó wà lẹ́yìn ibi ìkẹ́rùsí wà ní títì láti ọjọ́ 2 oṣù yìí. A fẹ́ kẹ́ ẹ ṣí i lónìí, kẹ́ ẹ sì fún wa lésì nínú ìwé kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Tí a ò bá rí èsì, a máa kọ̀wé sí àwọn alábẹ̀wò ìjọba." Ohun kan, ọjọ́ kan, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí wọn ò bá dáhùn, ó ti tó. Kẹ́ ẹ sì ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá yẹn.

Ọjọ́ tí ewu bá dé gan-an

Ìwé àdéhùn 155 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣe lọ́dún 1981 sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ní ìdí gidi láti gbà pé ewu ńlá ti dé tán, tó sì kúrò níbẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́. Lọ́dún 2022 àjọ yẹn fi ààbò níbi iṣẹ́ kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Àmọ́ òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó, àwọn kan fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi tó ọ̀gá létí, àwọn kan fẹ́ kẹ́ ẹ dúró síbì kan tó láàbò títí alábẹ̀wò á fi dé, torí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà tàbí yúníọ̀nù nígbà tí ara ṣì rọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí èéfín ti ń jáde.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ ṣe pàtàkì. Ẹ má sọ pé "mi ò ṣiṣẹ́ mọ́", ìyẹn ni wọ́n máa kọ sínú ìwé pé ẹ kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹ sọ pé: "Ọ̀gá, mo ṣe tán láti ṣiṣẹ́. Mi ò ní wọnú táǹkì yìí títí wọ́n á fi wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀. Ẹ fún mi níṣẹ́ míì kí n máa ṣe ná." Kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹlòmíì rọ́pò yín, ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi kọ̀ ọ́ fún ẹni yẹn lójú wọn.

Ìbéèrè kan tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn ẹ̀ ṣáájú: ta ló láṣẹ láti pa ẹ̀rọ tí ewu bá dé? Nígbà tí Piper Alpha ń jó, epo àti gáàsì ṣì ń wá látorí àwọn ibi ìwapo méjì tó wà nítòsí, Tartan àti Claymore, àwọn tó wà níbẹ̀ ń rí iná lọ́ọ̀ọ́kán, wọn ò tètè dá epo àti gáàsì yẹn dúró torí àwọn ọ̀gá ò fẹ́ dá iṣẹ́ dúró láìgbàṣẹ. Ẹ jà fún un kó wà nínú ìwé pé òṣìṣẹ́ yòówù tó bá rí ewu lè tẹ bọ́tìnì tó ń pa ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì bi í pé èló ló fi ṣòfò.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ lódindi, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ibi tí kẹ́míkà tàbí iná ìléru bá wà, ẹ ṣètò àwọn tó máa pa ẹ̀rọ sílẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn tó ń gbé ládùúgbò ò jẹ yín ní gbèsè kankan.

Ta ló wà lókè ọ̀gá yín?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń já. Ẹ bá máníjà jà, máníjà ní "kò sówó", ẹ sì lè rí i pé òótọ́ ló ń sọ, torí iye tí àwọn olùrà ńlá ń san ò kúrò lójú kan, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ọjà ò sì yẹ̀. Níbi tí olùrà ò bá ti pọ̀ tí àwọn tó ń tà fún wọn sì pọ̀, olùrà ló ń dá iye, ẹni tó ń tà á sì lọ yọ ọ́ lára òṣìṣẹ́ àti lára ògiri ilé. Bó ṣe rí nìyẹn náà níbi tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbani síṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tiẹ̀ máa ń bára wọn dìtẹ̀ lábẹ́lẹ̀: Apple, Google àti àwọn míì gbà láàárín ara wọn pé àwọn ò ní máa gba òṣìṣẹ́ ara wọn, kó tó di pé ìjọba Amẹ́ríkà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2010, wọ́n sì padà san mílíọ̀nù dọ́là 415 fún àwọn òṣìṣẹ́.

Torí náà ẹ wá orúkọ tó wà lára páálí, lára aṣọ, lára ìwé ẹrù tó ń jáde. Ẹni yẹn ló ní ohun tó lè pàdánù. Lẹ́yìn Rana Plaza, àwọn yúníọ̀nù àgbáyé IndustriALL àti UNI mú àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tó lé ní igba kí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ààbò fáktọ́rì tí wọ́n ń pè ní Accord, ó sì múlẹ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n yẹ fáktọ́rì tó lé ní 1,600 wò. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí i ń fi àtúnṣe falẹ̀, àwọn yúníọ̀nù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn onílàjà ní The Hague, ó san mílíọ̀nù dọ́là 2.3 lọ́dún 2018. Àwọn tó ń já tòmátò ní Immokalee ní Florida náà ò bá àgbẹ̀ nìkan jà, wọ́n ní kí àwọn èèyàn má rajà lọ́dọ̀ Taco Bell, ilé oúnjẹ ńlá tó ń ra tòmátò yẹn, láti 2001, nígbà tó di 2005 ilé iṣẹ́ yẹn gbà láti fi sẹ́ǹtì kan lé owó ìwọ̀n páùn tòmátò kọ̀ọ̀kan fún wọn.

Tí wọ́n bá gbé ìwé ẹ̀rí hàn yín pé wọ́n ti wá yẹ ibi iṣẹ́ yín wò, ẹ béèrè pé ta ló sanwó fún ẹni tó wá. Fáktọ́rì Ali Enterprises ní Karachi, Pakistan, gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní SA8000 lóṣù kẹjọ ọdún 2012. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, iná jó o, ohun yòówù kó dá iná yẹn, ilẹ̀kùn wà ní títì, irin wà lójú fèrèsé, èèyàn tó lé ní 250 ló kú. Ìdídò Brumadinho náà, wọ́n ti fún un níwèé pé ó dúró ire kó tó já. Ìwé tó ṣeé gbára lé ni èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ wà lára àwọn tó kọ ọ́, tí ẹni tó wá yẹ nǹkan wò sì bá wọn sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá nítòsí.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ́jú àwọn tó fara pa, ẹ kó ìwé yín jọ síbì kan lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbi iṣẹ́, títí kan àwọn tí orúkọ wọn ò sí nínú ìwé owó oṣù. Ẹ má fọwọ́ sí bébà kankan tí lọ́yà ilé iṣẹ́ bá gbé wá, kódà kó jẹ́ owó ìsìnkú ló pè é. Àwọn tó ni Triangle lọ sílé ẹjọ́, wọ́n dá wọn sílẹ̀, nígbà tó di 1914 dọ́là 75 ni wọ́n san lórí òkú kọ̀ọ̀kan.

Kí àwọn ẹbí àti àwọn tó yè é dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ̀wé sí ìjọba, sí ilé iṣẹ́ àti sí olùrà pé kò sẹ́ni tó láṣẹ láti dúnàádúrà lórúkọ wọn àfi ìgbìmọ̀ yìí. Ní Bhopal, ìjọba India ló gba ẹjọ́ náà rò fún gbogbo wọn, lọ́dún 1989 ó gba mílíọ̀nù dọ́là 470 láì bi àwọn tó ń jìyà léèrè. Nígbà tí wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi kún un, ọdún 2023 ni ilé ẹjọ́ dá wọn lóhùn, ó ní rárá.